Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́: ohun tó sọ sinimá di ọ̀wọ́n fún ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2024, èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì gbéra ní Ìjẹ̀bú-Òde láago méje àárọ̀. Fíìmù tuntun tí Funke Akindele gbé jáde lóṣù yẹn ni wọ́n fẹ́ wò, mo sì ti ṣèlérí fún wọn pé bí wọ́n bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò, n óò mú wọn lọ. Ọkọ̀ dé Berger, ₦2,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ọdún ti dé, awakọ̀ sì mọ̀ pé a ò ní ṣàìwọ̀ ọ́. Láti Berger dé Ìkejà, ₦600. Tíkẹ́ẹ̀tì, ₦6,000. Èyí àbúrò rí gúgúrú, ó ní òun fẹ́. Èyí ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Gúgúrú méjì, ₦6,000. Míńírà mẹ́ta, ₦3,000. Ìgbà tí a padà délé lálẹ́ ni mo tó ráyè jókòó ṣírò ó lórí fóònù. ₦45,600.

Mo tún un ṣírò. Tíkẹ́ẹ̀tì àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦18,000. Owó ọkọ̀ wa, àlọ àti àbọ̀, jẹ́ ₦18,600. Ọ̀nà gbówó ju fíìmù lọ! Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ₦77,000 pé òun ni owó oṣù tó kéré jù tí òṣìṣẹ́ yóò máa gbà. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tó bímọ méjì, tó sì fẹ́ ṣe ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, ó ti ná ju ìdajì owó oṣù rẹ̀ lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ láàárín wa, àwọn onílé sinimá ni gbogbo èèyàn ń nàka sí. Wọ́n ní wọ́n ń rẹ́ wa jẹ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí mo fi fara balẹ̀ wo ibi tí owó náà ń gbà lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bí a ṣe ń sọ ọ́, ó sì dùn mí pé àwa tí sinimá Yorùbá ti inú ilé wa jáde la wá ń rìnrìn-àjò lọ bá a báyìí.

Nígbà tí sinimá ń wá bá wa nílé

Òsósà kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré tíátà Yorùbá, lọ́dún 1916, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì gbé e padà wá sin nígbà tó kú lọ́dún 1990. Ó ti ń gbé ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ káàkiri láti nǹkan bí ọdún 1945. Nígbà tí Ọlá Balógun àti Adé Love gbé Àjàní Ògún jáde lọ́dún 1976, tí gbogbo èèyàn rí i pé fíìmù lè sọ Yorùbá kó sì pa owó, Ògúndé náà kó wọ inú iṣẹ́ ọ̀hún. Ayé jáde lọ́dún 1979, Jáyésinmi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Àròpin N'Tènìyàn lọ́dún 1982.

Bí wọ́n ṣe ń fi àwọn fíìmù wọ̀nyí han aráyé ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Ìlú ńláńlá ni ilé sinimá wà nígbà náà, ọ̀pọ̀ wọn sì wà lọ́wọ́ àwọn ará Lẹ́bánónì, tó jẹ́ pé fíìmù Íńdíà, ti Ṣáínà àti ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fẹ́ràn láti máa fi hàn. Nítorí náà, òṣèré Yorùbá tó bá ṣe fíìmù a di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀: ẹ̀rọ tó ń tan fíìmù, aṣọ funfun ńlá, jẹnẹrétọ̀, agolo rọ́ọ̀lù fíìmù. Gbọ̀ngàn ìlú lónìí, ọgbà ilé-ìwé lọ́la, òtẹ́ẹ̀lì lọ́túnla. Ẹni tó ni fíìmù tàbí ìyàwó rẹ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba owó, torí ọkàn wọn kò balẹ̀ pé ẹlòmíràn yóò ka iye èrò tó wọlé bó ṣe yẹ.

Ìyá mi sọ fún mi pé ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí ni àwọn kọ́kọ́ máa ń gbọ́, tí yóò máa yí ìlú po láti àárọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jẹun tán, wọ́n á wọ aṣọ tó mọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n á sì fi rìn lọ. Ẹni tó bá gbọ́n a gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání. Gúgúrú àti ẹ̀pà wà lẹ́bàá ògiri, nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ká. Mo bi í léèrè pé èló ni wọ́n ń san. Ó rántí fíìmù náà, ó rántí aṣọ tó wọ̀, ó rántí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ tó wé gèlè ńlá tí kò jẹ́ kó ríran. Owó náà nìkan ni kò rántí. Mo rò pé ìyẹn gan-an sọ nǹkan fún wa.

Ẹni tó ni fíìmù ló ń san owó ọ̀nà nígbà náà. Epo rẹ̀, táyà rẹ̀, oorun tí kò rí sùn. Òǹwòran kò ní ju owó ẹnu ọ̀nà lọ tí yóò mú dání. Lónìí, fíìmù ti fìdí kalẹ̀ sí Ìkejà àti Lẹ́kì, àwa la wá ń di ẹrù.

Ètò yẹn kò pẹ́ kó tó wó. Lọ́dún 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ètò SAP, tí ìjọba fi tún ọrọ̀ ajé tò, tó sì já iye náírà wálẹ̀, dé lọ́dún 1986, nígbà tó fi di ọdún kejì, dọ́là kan ti tó ₦4. Rọ́ọ̀lù fíìmù ń bọ̀ láti òkè òkun, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ sì ti ń lọ fọ̀ ọ́. Ẹni tó ń gba náírà lẹ́nu ọ̀nà ní Ìjẹ̀bú, tó ń san pọ́n-ùn ní Lọ́ńdọ̀nù, gbèsè ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ bá. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà láìgbàṣẹ náà ń bẹ níbẹ̀: Ọ̀run Mooru tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe lọ́dún 1982 ti kún orí fídíò kí ó tó rí owó tó fi ṣe é kó jọ, gbèsè náà sì dà á láàmú pẹ́. Adigunjalè kò jẹ́ kí èèyàn lè jáde lálẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ọdún 1992 tí fíìmù orí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, gbogbo wa wọlé, a tilẹ̀kùn, a sì ń wo fíìmù ní pálọ̀. Àwọn gbọ̀ngàn sinimá di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn di ilé ìkẹ́rù-sí.

Ìgbà tí sinimá máa padà, ọ̀dọ̀ wa kọ́ ló padà sí. Victoria Island l'Ékòó ni Silverbird ṣí sí lọ́dún 2004. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, Filmhouse dé lọ́dún 2012, inú mọ́ọ̀lù ni wọ́n sì ń wọ̀ sí, torí ibẹ̀ ni iná, àyè ìgbọ́kọ̀sí àti ààbò wà. Ìbàdàn rí tirẹ̀ gbà, ní Dùgbẹ̀ àti Sámọ́ńdà. Gbogbo ilé sinimá tó wà ní Nàìjíríà lọ́dún 2024 kò ju bí ọgọ́rùn-ún lọ, nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù, Èkó ló sì kó èyí tó pọ̀ jù. Àwọn tí mo mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣàgámù, ní Ìperu, bí wọ́n bá ní àwọn ń lọ wo sinimá, Èkó tàbí Ìbàdàn ni wọ́n ń sọ.

Kí ló wà nínú ₦6,000?

Ẹ jẹ́ ká tú tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rà lọ́jọ́ yẹn. Owó orí ọjà tí à ń pè ní VAT jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kejì ọdún 2020. 5 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn mú bí ₦420 lọ. Ó ku bí ₦5,580. Èyí ni onílé sinimá àti ẹni tó ni fíìmù yóò pín, ó sì máa ń tó ìdajì-ìdajì lọ́sẹ̀ tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nínú ìpín ẹni tó ni fíìmù, ilé-iṣẹ́ tó ń pín fíìmù kiri yóò yọ tirẹ̀. Nítorí náà, bí ₦2,800 ló kù sọ́wọ́ onílé sinimá lórí ìjókòó mi.

Kí ni yóò fi ₦2,800 yẹn ṣe? Ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀lù ló ń fi dọ́là ṣírò owó ilé. Gílóòbù inú ẹ̀rọ tó ń tan fíìmù kì í ṣe irú èyí tí à ń rà ní ọjà Òkè-Ajé. Ó ní iye wákàtí tó lè ṣiṣẹ́, bó bá ti pé, pípààrọ̀ ni, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Bí ₦160 ni dọ́là kan lọ́dún 2014. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, iye tí ìjọba ń pè é jẹ́ bí ₦460. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ lóṣù náà, ó gbéra, nígbà tó sì fi di ìparí ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Lẹ́yìn náà, iná. Gbọ̀ngàn tí kò ní fèrèsé, tí afẹ́fẹ́ tútù gbọ́dọ̀ máa fẹ́ nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dé òru, kò lè dúró de ìgbà tí NEPA bá mú iná wá, dísẹ́ẹ̀lì ni yóò máa rà sínú jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó sì ń rí iná dáadáa, tí wọ́n kà mọ́ Band A, láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni ìwọ̀n iná kan ti fò láti ₦68 lọ sí ₦225.

Ìdí tí gúgúrú fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, pípín ni. Owó gúgúrú, onílé sinimá kì í bá ẹni tó ni fíìmù pín in. Ibẹ̀ ló ti ń rí owó dísẹ́ẹ̀lì. Èyí kò mú kí ₦3,000 dùn láti san fún ohun tí ìyá mi ń jẹ pẹ̀lú ẹ̀pà nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ó dáa kí a mọ ibi tó ń lọ.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yà mí lẹ́nu jù rèé. Lọ́dún 2014, owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí jẹ́ ₦18,000, tíkẹ́ẹ̀tì sinimá ní ìparí ọ̀sẹ̀ sì wà ní bí ₦1,500. Owó oṣù kan yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì 12. Lọ́dún 2024, ₦77,000 tí ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì ₦6,000 méjìlá, àjẹkù díẹ̀ á sì wà. Tíkẹ́ẹ̀tì kò sún kúrò lójú kan! Ṣùgbọ́n ẹ wo epo bẹntiróòlù: ₦97 ni lítà kan lọ́dún 2014, owó oṣù kan á ra lítà 185. Ní ìparí ọdún 2024, lítà kan ti kọjá ₦1,000, owó oṣù tuntun kò lè ra 80. Ẹ wo ìrẹsì: ₦18,000 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ra àpò méjì nígbà náà, lọ́dún 2024, tí àpò kan ti ń súnmọ́ ₦100,000, ₦77,000 kò lè ra odindi kan. Ìrẹsì ti jẹ owó tán kí sinimá tó dé ìdí rẹ̀. Mo sì ń sọ ti òṣìṣẹ́ ìjọba o. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ iléèwé aládàáni àti àwọn ọmọ tó ń bá èèyàn ta ọjà ní Ìta-Ọ̀sù, wọn kò tíì rí ₦77,000 rí.

Ẹ̀rí èyí hàn nínú iye tí àwọn ilé sinimá pa. Lọ́dún 2023, owó tó wọlé fún gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bí ₦7 bílíọ̀nù. Lọ́dún 2024, ó kọjá ₦11 bílíọ̀nù, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e jáde bí ayọ̀ ńlá. Ayọ̀ ni lóòótọ́, pàápàá fún àwọn òṣèré tiwa. Fíìmù Funke Akindele ti ìparí ọdún 2023 ni àkọ́kọ́ nínú ti Nàìjíríà tó pa ju ₦1 bílíọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n iye èèyàn tó wọlé wo sinimá kò pé mílíọ̀nù mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ọdún méjèèjì. Owó pọ̀ sí i, èrò kò pọ̀ sí i. Àwọn kan náà ló ń wò ó, wọ́n kàn ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Àwọn tó yẹ kó dara pọ̀ mọ́ wọn wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìjagun, ní Ìlíṣàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó jẹ́ pé irú wọn ló fẹ́ràn sinimá jù, tí kò sì sí èyí tó lè san owó tíkẹ́ẹ̀tì ₦12,000 fún ara rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì lóṣù.

Ohun tó kù fún wọn ni fóònù. Lóṣù Keje ọdún 2024, Netflix gbé èyí tó wọ́n jù nínú ètò rẹ̀ lọ sí ₦7,000 lóṣù, iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju tíkẹ́ẹ̀tì kan lọ, odindi ilé á sì jọ máa wò ó. Fíìmù Yorùbá lórí YouTube tilẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, àyàfi dátà, tí òun náà fi ìdajì lé e níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Adé Love di fíìmù sínú ọkọ̀ lọ bá àwọn èèyàn. Ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, fi Aníkúlápó ránṣẹ́ sórí Netflix lọ́dún 2022, inú pálọ̀ ló bá wa. N kò rí nǹkan burúkú nínú èyí. Ìyá mi ń rí fíìmù wò lójoojúmọ́ nítorí rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Ìkejà lọ́jọ́ yẹn tí n kò lè gbàgbé. Àwàdà kan wáyé lórí ògiri, gbogbo gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn àgbà, àwọn ọ̀dọ́, ọkùnrin kan lẹ́yìn wa tó ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni wà lóde àríyá. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà kò wo fíìmù mọ́. Ó yí ọrùn padà, ó ń wo ojú àwọn tó ń bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, kò tíì bá èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́ àwàdà kan náà rí. Fóònù kò lè ṣe ìyẹn fún un.

Sinimá ẹlẹ́gbẹ̀rún náírà

Títí ìyàtọ̀ yóò fi dé, ẹni tó bá fẹ́ lọ lè dín in kù. Tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ àti ti àárín ọ̀sẹ̀ máa ń dínwó sí ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ilé sinimá kan ní ẹ̀dínwó fún akẹ́kọ̀ọ́, kí èèyàn mú káàdì iléèwé dání. Kí a má lọ lọ́sẹ̀ ọdún bí èmi ti ṣe, torí owó ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ lé sí i. Kí a jẹun nílé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbàgbọ́ pé ó lè yí ọ̀rọ̀ yìí padà wà nítòsí wa, a kàn ń wò ó lójú lásán ni. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wà ní gbogbo àdúgbò láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìsarà. Gbọ̀ngàn wà, ìjókòó wà, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri wà, jẹnẹrétọ̀ wà, ẹni tó mọ bí a ti ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà wà. Ohun tí Ògúndé ń dì sínú ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ pátá. Fíìmù tuntun nìkan ni kò sí.

Ìdí tí kò fi sí ni ẹ̀rù ohun tó ṣe Bàbá Sàlá, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Ilé sinimá ńlá ní ohun tó fi ń dáàbò bo fíìmù: títì pa ni wọ́n ń ti í, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀, ẹ̀rọ kan pàtó ló ń ṣí, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n ju agbára onílé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ. Àmọ́ ohun tó rọrùn ju ìyẹn lọ kò ṣàjèjì sí wa. Dẹkódà tó wà nínú ilé wa ń ti ìkànnì pa títí a ó fi sanwó. Bí àwọn tó ń pín fíìmù bá lè ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀ fún sinimá, tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò sì fún àwọn gbọ̀ngàn wọ̀nyí níwèé àṣẹ, ẹni tó ni fíìmù yóò máa rí owó láti ìlú tí kò fẹsẹ̀ kàn láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo bá ọkùnrin kan tó ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ìjẹ̀bú-Igbó ṣírò rẹ̀. Ìjókòó 80 ló ní. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wá fíìmù yẹn. Ẹgbẹ̀rún kan péré ni n óò gbà lọ́wọ́ wọn, àyè ò ní gbà wọ́n." Bí gbogbo ìjókòó bá kún, ₦80,000 nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ kan. Bó bá fún ẹni tó ni fíìmù ní ìdajì, ₦40,000. Bí irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ogún péré ní gbogbo Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ₦800,000 lálẹ́ kan ṣoṣo, láti ọwọ́ àwọn èèyàn tí kò sí ìkankan nínú wọn tó wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ bá a, nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù kò sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti to àwọn àga lé ara wọn dé òrùlé, ó sì ń wá kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi ti ilẹ̀kùn.